Ìwọ̀n Òòjọ́ Ni Mánà

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 16:14-30

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní yunifásítì àti pólì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ìsọlọ̀ yìí lọ́sàn-án, tí ẹ tún ń sáré wọ mọ́tò ní Ìyànà Ìsọlọ̀ kí ẹ lè bá kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Yaba. Ẹ̀yin òbí, ẹ dúró o, ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀ níwájú.

Nígbà tí Ọlọ́run ń rọ mánà fún Ísírẹ́lì, kò rọ ti oṣù kan papọ̀. Ìwọ̀n òòjọ́ ni. Àárọ̀ ni wọ́n ń ṣà á. Tí oòrùn bá ti mú, á yọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé kíkà rí. Ọpọlọ kì í gba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lóru ọjọ́ kan. Ní 1885, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé nǹkan. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò. Ó rí i pé kíákíá ni ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ há sórí ń fò lọ, àti pé ẹni tó bá pín in sí ọjọ́ mélòó kan máa ń mú un dáadáa ju ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Kí la máa wá ṣe?

1. Ẹ mú àkókò kan pàtó lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ wákàtí kan péré. Kí fóònù jìnnà sí yín.

2. Tí ẹ bá kà tán, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rántí. Ẹ tún padà sí i lọ́jọ́ kejì, àti ní òpin ọ̀sẹ̀.

3. Ẹ sùn! Ẹni tó kàwé mọ́jú tó wá dúró ti ẹ̀rọ láàárọ̀, ìka rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́ yẹn. Mánà pàápàá kì í rọ̀ lọ́jọ́ keje.

Ó wá kan àwa àgbà. Ọmọ tó ní ìdánwò láàárọ̀ Sátidé, kí ló ń wá ní ìṣọ́ òru Jímọ̀? Tí kò bá wá, ẹ má sọ pé ó ti tutù nínú ẹ̀mí. Ẹ jẹ́ ká bá a gbàdúrà, kí òun sùn. Nígbà tó rẹ Èlíjà, áńgẹ́lì kò bá a wí. Oúnjẹ àti omi ló gbé wá, ó sì jẹ́ kó tún sùn, kó tó rin ìrìn ogójì ọjọ́ (1 Ọba 19:5-8). Nínú ilé náà, tó bá tó wákàtí ìwé rẹ̀, kí ẹlòmíràn fọ abọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, Ọlọ́run ló rọ mánà, ṣùgbọ́n kò dà á sínú ìkòkò ẹnikẹ́ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣà á ni. Tí ẹ bá ń gbé bírò wá fún òróró, kí bírò náà ti kọ nǹkan tẹ́lẹ̀ o.

Àdúrà: Baba, fún àwọn ọmọ wa lókun láti kó ìpín òní lónìí. Pa ọwọ́ wọn mọ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí o sì fún wọn ní oorun tó dára. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Iṣẹ́ òní: kí ilẹ̀ tó ṣú, mú wákàtí tìrẹ, kí o sì sọ fún ará ilé rẹ.