Ojú Kì í Ti Kámẹ́rà

Ní Maryland níbí, láti Mende títí dé Shonibare Estate, ọdẹ la ṣì ń pe ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Ó ṣeé ṣe kó má pa ẹtu kankan rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ orúkọ náà ò bọ́ lára rẹ̀, torí pé iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe ti ìbọn nìkan. Ọdẹ ni ẹni tó ń wò nígbà tí àwa yòókù ń sùn. Ní báyìí, kámẹ́rà ti wà lórí géètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdẹ, ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn sì ti wọ igbó lọ. Èyí tó wọ igbó ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ó gbé ìbéèrè kan wá tó kan àwa ará ìlú náà: ṣé ó tọ́ kéèyàn máa wo ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun?

Ẹ̀rọ náà kò le. Wọ́n á so ó mọ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà tí ẹranko ń gbà. Bí ohun tí ara rẹ̀ gbóná bá kọjá níwájú rẹ̀, á mọ̀, á sì ya fọ́tò fúnra rẹ̀. Lóru, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo iná tí ojú èèyàn kò lè rí. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, láìsùn, láìtòògbé, láìwúkọ́. Kí irú èyí tó dé, ará Amẹ́ríkà kan, George Shiras, ti ń ta okùn sí ọ̀nà àgbọ̀nrín: ẹranko á fẹsẹ̀ kan okùn, iná á bù yẹ̀rì, kámẹ́rà á yà á. Ọdẹ oníbọn ni Shiras tẹ́lẹ̀ kó tó gbé ìbọn sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ àwòrán rẹ̀ 74 jáde.

Oore tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe kò kéré. Lọ́dún 2020, àjọ Wildlife Conservation Society gbé àwòrán àwọn ìnàkí kan jáde láti orí òkè Mbe ní ìpínlẹ̀ Cross River. Gbogbo irú ìnàkí yẹn tó kù láyé kò ju nǹkan bíi 300 lọ, wọ́n sì ń sá fún èèyàn gan-an. Àwọn ọmọ kéékèèké wà láàrin wọn nínú àwòrán náà, ìyẹn ni pé wọ́n ṣì ń bí sí i. Ojú èèyàn wo ni ì bá rí èyí láìlé wọn sá? Nípa ti ẹranko, nígbà náà, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ẹranko kì í sá pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ̀mí rẹ̀ ló ń sá fún. Bí ẹni tó ya àwòrán kò bá ti júwe ibùgbé rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ pa á, kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹranko nìkan kọ́ ni ara rẹ̀ gbóná. Igbó wa kì í ṣe ahoro. Ní igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí erin ṣì wà, àwọn àgbẹ̀ olókòó ń gbé inú igbó kan náà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní igbó Corbett ní Íńdíà. Trishant Simlai láti yunifásítì Cambridge lo oṣù 14 níbẹ̀, ó bá nǹkan bí 270 èèyàn sọ̀rọ̀, wọ́n sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 2024. Kámẹ́rà tí wọ́n torí ẹranko so mọ́ igi ló ya obìnrin kan níbi tó ti ń gbọnsẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó sì gbé e sórí WhatsApp. Inú bí àwọn ará abúlé, wọ́n fọ́ kámẹ́rà. Àwọn obìnrin tó ń ṣẹ́gi, tí wọ́n máa ń kọrin kí erin àti ẹkùn lè gbọ́ kí wọ́n yà, wá ń rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹkùn wá ń sọ àwọn obìnrin di ẹran fún ẹkùn.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ìtìjú bá dé, ojú náà la ní ó ń tì wá. Ẹni tí a ń wò lè wò wá padà, ìyẹn ló ń mú ká gbé ojú kúrò nígbà tó bá yẹ. Ọdẹ tó bá ṣèèṣì bá obìnrin nínú igbó á wúkọ́, á yíjú. Kámẹ́rà ò lè wúkọ́.

Ẹ tún rántí ìtàn ọdẹ àti ẹfọ̀n. Ọdẹ ba ní ibùba, ó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀, tó di arẹwà obìnrin, tó gba ọ̀nà ọjà lọ. Ó gbé awọ pamọ́, ó sì fi àṣírí náà fẹ́ ẹ níyàwó. Ilé ò dàrú lọ́jọ́ tó rí i. Ọjọ́ tí ọtí pa á, tó tú àṣírí fún ìyáálé, lọ̀rọ̀ dìjà. Ẹ̀ṣẹ̀ ojú kọ́ nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ ọwọ́ tó gbé awọ pamọ́ ni, àti ti ẹnu tó sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ní gbogbo ohun tí ojú ọdẹ bá rí nínú igbó kọ́ lẹnu rẹ̀ ń sọ.

Nítorí náà, ẹni tó so kámẹ́rà mọ́gi gbọ́dọ̀ bá a ní ìtìjú tí kò ní. Kó sọ fún àwọn ará abúlé ibi tó so ó sí. Àwòrán èèyàn tó bá ṣèèṣì bọ́ sí i, kó pa á rẹ́ kí ojú kejì tó kàn án. Ẹ lè ní bí gbogbo ayé bá mọ ibi tí kámẹ́rà wà, ẹni tó ń jí ẹran pa náà á mọ̀. Òótọ́ ni, ẹyọ kan lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó dẹ tàkúté sẹ́bàá ọ̀nà oko ń pa àmì sí i, ẹran tó lè tìtorí àmì yẹn bọ́ kò tó ẹsẹ̀ ọmọ aráyé kan.

Bákan náà ló rí ní Maryland. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì rẹ̀ kò jẹ̀bi. Àmọ́ bó bá mú fídíò ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ìyá oníbúrẹ́dì tó ń kọjá lọ, tó fi ń dá gbogbo àdúgbò lẹ́rìn-ín, kó má ṣe ní kámẹ́rà ló rí wọn. Òun ló rí wọn, òun ló sì yẹ kójú tì.