Kí Ló Dé Tí Èrò Àtijọ́ Fi Ṣòro Láti Fi Sílẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ló dé tí ó fi máa ń nira fún ènìyàn láti fi ohun tí ó ti gbà gbọ́ tipẹ́ sílẹ̀, kódà nígbà tí ẹ̀rí bá ti dé? Ọ̀pọ̀ ni yóò ní àìmọ̀wé ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ àbíkú ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìyá kan bá ń bímọ tí wọ́n ń kú léraléra, àwọn àgbà a ní ọmọ kan náà ló ń lọ tí ó ń bọ̀. Wọn a fi abẹ sá òkú rẹ̀ lára, wọn a sì sọ èyí tí ó tẹ̀lé e ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé. Lónìí, a mọ̀ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa púpọ̀ nínú wọn, bí ibà àti àrùn mìíràn náà ṣe pa nínú wọn. Ní 1910, Dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tí èròjà pupa inú rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Bí ọkọ àti ìyàwó bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS.

Síbẹ̀, a ń rí ọ̀mọ̀wé tí ó mọ èyí tí ó ṣì ń wá ètùtù kiri. Èéṣe? Àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ó lè já irú èrò bẹ́ẹ̀ nírọ́. Bí ọmọ bá yè, ètùtù ló jẹ́. Bí ó bá kú, àbíkú ló sọ olóògùn dèké. Ìkejì, èrò náà di ẹ̀bi ru ọmọ. Ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ó ti wá. Ìkẹta ló wúwo jù: ìyá àgbà tí ó tọ́ wa ni ó ní kí wọ́n sá ọmọ náà lábẹ. Bí a bá gbà pé àṣìṣe ni, ó ń ṣe wá bí ẹni pé a pè é ní ìkà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣi ọ̀nà kì í ṣe ìkà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi wá ọmọ wọn là. A lè bọ̀wọ̀ fún wọn láì jogún àṣìṣe wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yí ẹlòmíràn lérò padà, kí ó má ṣe fi ẹ̀sín bẹ̀rẹ̀; kí ó kọ́kọ́ gbé ìtìjú kúrò lórí rẹ̀.

Àwa ọ̀dọ́ ńkọ́? A ń fi àbíkú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí á lọ ṣe àyẹ̀wò genotype kí ọjọ́ yìgì tó pé, a ó ní ohun tí Ọlọ́hun bá kọ ni yóò ṣẹlẹ̀. Ǹjẹ́ èyí kì í ṣe èrò tí a kò fẹ́ kí ẹ̀rí kàn? Ẹ jẹ́ kí á lọ ṣe àyẹ̀wò náà nígbà tí ìfẹ́ kò tíì wọra. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọkàn tí ó ń gba òtítọ́. Àmín.