ÌKA TÓ ṢẸ̀ NI ỌBA Ń GÉ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ OLÈ INÚ ILÉ IṢẸ́

Púpọ̀ nínú wa níhìn-ín jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ báńkì, olùkọ́ tàbí ọ̀gá ilé ìtajà. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: bí owó bá sọnù níbi iṣẹ́, ṣé ó tó kí ọ̀gá jẹ́ olóòótọ́ nìkan, àbí ó di dandan kí ó kọ́ bí a ṣe ń wádìí?

Àwọn kan ní olóòótọ́ kò nílò ẹ̀kọ́ kankan láti mú olè. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Olóòótọ́ tí kò mọ ìwádìí ṣe lè ba ayé aláìṣẹ̀ jẹ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Owó dín nínú àpótí akápò. Ọ̀gá bínú, ó pariwo mọ́ akápò lójú gbogbo èèyàn, ó sì fún un ní kúẹ́rì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹni tó kọ fáọ́sà èké gan-an ti ya ìwé náà dànù. Olè mú un jẹ, aláìṣẹ̀ jókòó sílé. Lábẹ́ òfin iṣẹ́ ìjọba, ẹni tí a bá ní kí ó yẹra fún iṣẹ́ títí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi parí, owó tí yóò máa gbà kò lè ju ìdajì owó oṣù rẹ̀ lọ. Ẹni tó háyà ilé ní ìlú onílùú, tí ẹbí rẹ̀ jìnnà, ẹ mọ ohun tí èyí yóò dá sílẹ̀: owó ilé, owó ilé-ìwé, àti orúkọ tó bàjẹ́.

Abala 36 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ṣáájú: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kí ni ó yẹ kí ọ̀gá kọ́? Èkínní, ìwé ṣáájú ariwo. Kí ó kọ́kọ́ kó rìsíìtì, fáọ́sà àti ìwé báńkì síbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní tó. Èkejì, àmì ẹ̀tàn: ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà lórí rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, kọ́ńtíráàtì kan tí a gé wẹ́wẹ́ kí ó má baà dé iwájú ọ̀gá àgbà, orúkọ tó ń gba owó oṣù tí ẹnikẹ́ni kò rí olúwa rẹ̀ rí. Ẹ̀kẹta, bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ láìdẹ́rù bani, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kí a sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọ̀rọ̀ tó bá di ọ̀daràn, ti ICPC tàbí EFCC ni. ICPC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, tilẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Keffi fún irú ẹ̀kọ́ báyìí.

Ní ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan jáde pé ẹni tó bá tú àṣírí owó ìjọba tí wọ́n jí yóò gba láàárín 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n bá rí gbà padà. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n owó lè sọ ọ̀tá di ẹlẹ́rìí. Èyí náà ni ọ̀gá fi gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò.

Èyí tó le jù fún àwa ará àjò ni "ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ ó ṣe é". Bí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn bá jẹ́ ọmọ ìlú ẹni, àwọn kan á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn á fìyà jẹ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kí àwọn onílùú má baà sọ pé wọ́n ṣe ojúsàájú. Méjèèjì kò tọ́. Kí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ fà sẹ́yìn, kí ó gbé ìwádìí fún ẹlòmíràn. Ìka tó ṣẹ̀ nìkan ni kí a gé, kì í ṣe ìka tó sún mọ́ ọ.

Àwọn ọ̀dítọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ pè wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa tó ń di ọ̀gá lọ́lá. Olódùmarè yóò jẹ́ kí a fi orúkọ rere padà sílé. Àṣẹ.