Ta Ni Ará Ìta?

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀: bí ọwọ́ bá ti ṣù jọ tán, ta ni yóò lù? Inú ẹgbẹ́ ni ọmọdé ti ń kọ́ ìfẹ́ àti òtítọ́ sí ọ̀rẹ́. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni ó lè ti kọ́ pé ẹni tí kò bá wọn ṣe kì í ṣe ènìyàn.

S. E. Hinton, ọmọbìnrin ará Tulsa ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ lórí ọ̀ràn yìí. Ní 1967 ni ó jáde, orúkọ rẹ̀ sì ni The Outsiders, èyíinì ni Àwọn Ará Ìta. Àwọn ọmọ tálákà tí ń fi òróró pa irun ń bá àwọn ọmọ olówó jà ní ìgboro. Ìyá àti bàbá Ponyboy, ọmọ ọdún 14, ti kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Lẹ́yìn àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ibi ìsádi rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, àwọn ọmọ olówó ń tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi. Johnny ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ ọ̀bẹ, ó sì gún ọ̀kan nínú wọn pa. Kí ìwé náà tó parí, ọmọ mẹ́ta ti kú.

Síbẹ̀, Ponyboy bá Cherry, ọmọbìnrin kan láti ìhà kejì, sọ̀rọ̀, wọ́n sì rí i pé oòrùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò bí ó ti ń wọ̀. Owó kò kúrò láàárín wọn, ṣùgbọ́n ìkórìíra kò rọrùn mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn ọmọdé nìkan ni èyí. Sawaba, àdúgbò kan ní Kumasi, gba orúkọ rẹ̀ láti inú èdè Hausa. Ìtura ni ó túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìtura jìnnà sí ọ̀pọ̀ Yorùbá ìlú Kumasi ní November 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde ní Ghana. Ibẹ̀ ni a gbé bí àwọn mìíràn nínú wọn. Ní January 1983, Nàìjíríà náà lé nǹkan bí mílíọ̀nù kan ará Ghana jáde. Àgbà ni ó ṣe é ní ìhà méjèèjì. Kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, òfin ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni, pé ará ìta kò ní orúkọ.

Ní 1983 yìí kan náà ni sinimá tí Francis Ford Coppola fi ìwé Hinton ṣe jáde. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní California ni wọ́n kọ̀wé bẹ̀ ẹ́ ní 1980. Ìtàn náà tún di eré olórin orí ìtàgé, ó sì gba ẹ̀bùn Tony ní 2024.

Ẹnìkan lè wí pé kí a tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ọmọ aláìníbaba, ilé ni ó wó mọ́ ọn lórí. Ọ̀nà mìíràn wà ní òpin ìwé náà. Ìbànújẹ́ ti ba ẹ̀kọ́ Ponyboy jẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ kò lé e jáde, àròkọ ni ó ní kí ó kọ, láti inú ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Àròkọ náà ni ìwé tí a ń kà. Nígbà tí ọmọ náà ń kọ ọ́, ó ní láti pe àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní orúkọ. Ibẹ̀ ni ọwọ́ tí ó ti ṣù ti bẹ̀rẹ̀ sí í là.