Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ẹrù Ọ̀rọ̀: Ta Ni Yóò Dáhùn?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Ẹni tí gbogbo ìmọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀wò. Bí ènìyàn bá gba ọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, tí ọ̀rọ̀ náà sì wá jẹ́ irọ́ tí ó ṣe ènìyàn ní jàǹbá, ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni yóò wí pé: “Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́.”

Kí ni íntánẹ́ẹ̀tì ná? Òun ni àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé tí a so pọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Amẹ́ríkà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá, ọdún 1969, àwọn onímọ̀ ní California fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn; lẹ́tà méjì péré ni ó dé kí ẹ̀rọ tó dákẹ́. Ní 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé èrò wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀. Nígbà tí fóònù GSM sì dé Nàìjíríà ní 2001, ọ̀nà ti là fún un láti dé ọwọ́ tẹrú-tọmọ. Lónìí, à ń fi í kẹ́kọ̀ọ́, à ń fi í tajà, à ń fi í kí ará tí ó wà lókè òkun.

Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì kan pé kí ènìyàn mu omi iyọ̀, kí ó sì fi í wẹ̀, kí àrùn náà má baà mú un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kárí ìlú. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde lẹ́yìn náà pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú nípa omi iyọ̀ náà ní Nàìjíríà. Ebola kọ́ ni ó pa wọ́n, ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gbẹ́ kejì, nínú ìlú Ẹdẹ tiwa níbí. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí ACEGID, ní Yunifásítì Redeemer's, ka àbùdá kòkòrò àrùn Kòrónà láti ara aláìsàn àkọ́kọ́ tí a rí ní Nàìjíríà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí kan náà ni wọ́n gbé e sí kí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé lè rí i. Yunifásítì náà kì í ṣe ti Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ibi yòówù tí òtítọ́ bá ti wá, òtítọ́ náà ni.

Ọ̀nà kan náà ni irọ́ àti òtítọ́ yìí gbà. Nítorí náà, ẹjọ́ kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àwọn ará ibí yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ẹnìkan lè wí pé: “Èmi kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ìfẹ́ ni mo sì fi rán an.” Òótọ́ ni. Ìfẹ́ ni ó mú ọ̀pọ̀ ìyá jí ọmọ lóru nítorí omi iyọ̀. Ọlọ́hun mọ àníyà wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bu omi fún àlejò láti inú kànga tí kò yẹ̀ wò, ṣé inú rere nìkan ni yóò mú omi náà mọ́? Nínú Sùúrà Al-Hujurat, Ọlọ́hun pa wíwádìí ìròyìn láṣẹ fún wa, àìmọ̀kan gan-an ni Ó sì kìlọ̀ fún wa lé lórí. A kò lè wá fi àìmọ̀kan náà ṣe àwáwí.

Àwọn aṣíwájú wa kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò pẹ̀lú. Imáàmù Bukhari, tí ó kú ní ọdún 256 Híjírà, kò gba hàdíìsì láìmọ ẹni tí ó gbọ́ ọ, àti ẹni tí onítọ̀hún ti gbọ́ ọ, títí dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Ọ̀rọ̀ orí fóònù tí kò ní olówó, tí kò ní orísun, kí ni a ó fi gbà á?

Ìbéèrè mẹ́ta tó: Ta ni ó sọ ọ́? Báwo ni ó ṣe mọ̀? Bí irọ́ bá ni, ta ni yóò fara gbá? Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ pé ó lè jẹ́ òótọ́, kọ́kọ́ bi dókítà tàbí aáfà tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Wákàtí kan tí a fi wádìí kò pọ̀ jù.

Nítorí náà, ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ ọ́. Bí a ti ń ṣọ́ ahọ́n ni kí a máa ṣọ́ ìka. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi sùúrù ran àwọn àgbà lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba má fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa àti iṣẹ́ ọwọ́ wa kó bá ẹlòmíràn. Àmín.