Ohun Tí Ivy Lee Kò Bèèrè

Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ alukoro kì í pẹ́ gbọ́ orúkọ Ivy Lee. Ọmọ pásítọ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, láti ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Ó ti ṣe akọ̀ròyìn ní New York kó tó di ẹni tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń pè pé kó wá bá àwọn bá aráyé sọ̀rọ̀. Ní 1906, ó kọ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn. Ó ní ní gbangba lòun yóò ti máa ṣiṣẹ́, òótọ́ lòun yóò máa fi ránṣẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, òun yóò ràn án lọ́wọ́.

Lóṣù October ọdún yẹn, ọkọ̀ ojú irin iléeṣẹ́ Pennsylvania Railroad já bọ́ láti orí afárá sínú omi ní Atlantic City. Èèyàn tó kú lé ní 50. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ láyé ìgbà náà, ńṣe làwọn iléeṣẹ́ reluwé máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ akọ̀ròyìn. Lee kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó kọ àtẹ̀jáde, ó sì ní kí iléeṣẹ́ gbé àwọn akọ̀ròyìn dé ibẹ̀ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ìwé ìròyìn New York Times tẹ àtẹ̀jáde náà bó ṣe wà, láì yọ kúrò, láì fi kún un. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń pa ìwé dé.

Ó ṣẹ́ kù díẹ̀.

Ní September 1913, àwọn awakùsà èédú ní gúúsù Colorado daṣẹ́ sílẹ̀. Ìdílé Rockefeller ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú iléeṣẹ́ Colorado Fuel and Iron tó ń jẹ gàba níbẹ̀. Wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ náà kúrò nínú ilé tí iléeṣẹ́ kọ́, tọkọtaya àtọmọ bá kó sínú àgọ́ aláṣọ ní Ludlow, ibẹ̀ ni wọ́n ti lo ìgbà òtútù. Ní April 20, 1914, àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ náà kọ lu àgọ́ yìí, iná sì sọ. Àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé kan ti sá fún ọta ìbọn wọ inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ àgọ́ kan. Inú kòtò yẹn ni obìnrin méjì àti ọmọ 11 kú sí.

Bí ìlú ṣe gbaná jẹ, John D. Rockefeller Kékeré gba Lee síṣẹ́. Ni Lee bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé jáde lóríṣiríṣi, ó ń fi ránṣẹ́ káàkiri. Nínú ọ̀kan, ó ka iye tí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbà. Owó odidi ọdún kan ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi gbà á. Ẹ wo bí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe máa rí létí ìyàwó awakùsà tó wà nínú àgọ́ tí kò rí oúnjẹ fọ́mọ!

Ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pe Lee ní 1915. Wọ́n bi í bó ṣe mọ̀ pé òótọ́ lohun tó kọ. Ó hàn pé àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ èédú ló kó o fún un, òun náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó ní kí àwọn olóòtú wá yẹ ọ̀rọ̀ òun wò ní 1906 ni kò yẹ ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀ wò.

Èmi ò gbà pé Lee jókòó ó ń hun irọ́. Ó wà lára àwọn tó gba Rockefeller níyànjú kó yọjú sí àwọn òṣìṣẹ́, ọkùnrin náà sì lọ sí Colorado lọ́dún yẹn, ó bá wọn jẹun, ó bá ìyàwó wọn jó. Ṣùgbọ́n kí ló kan ẹni tí ìwé rẹ̀ bà lórúkọ jẹ́ nínú ìyẹn? Òǹkọ̀wé Upton Sinclair sọ Lee ní Poison Ivy, orúkọ ewé kan tó ń yún ni lára bíi wèrèpè. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn títí tó fi kú.

Kò sì ṣíwọ́. Ní 1934, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tún pè é, torí pé iléeṣẹ́ IG Farben ti Jámánì ń san $25,000 fún un lọ́dún nígbà tí ìjọba Hitler ti gorí àlééfà. Ó ní ìmọ̀ràn lásán lòun ń fún wọn. Ó kú ní November ọdún yẹn, ariwo ọ̀hún kò tíì rọlẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe parí ẹ̀kọ́ Ivy Lee sí Atlantic City mọ́. Ẹ mú àwọn ọmọ dé Ludlow, kí ẹ tó ní kí wọ́n kọ àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tiwọn.