Nígbà Tí Táyà Bá Bẹ́: Àyànmọ́ Ni Tàbí Àfọwọ́fà?

Nígbà tí táyà bá bẹ́ lórí eré ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ọkọ̀ gbókìtì, tí ẹ̀mí sì bá a lọ, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àwa ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire ni pé ọjọ́ ló pé, bí Ọlọ́run ti kọ ọ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn a ní Ògún Lákáayé ni ó bínú. Àwọn mìíràn a ní ọmọ aráyé ni. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé Olódùmarè, Ọba atẹ́rẹrẹ káríayé, ni ó ni ẹ̀mí. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí á máa gbé ẹrù tí a fi ọwọ́ ara wa dì ka Ẹlẹ́dàá lórí?

Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ táyà Michelin ti kógbá sílé ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú táyà wa ti ń wá. Bí náírà bá sì ti ń jó àjórẹ̀yìn ni owó táyà ń gòkè. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká tuntun a gba ọjà Ládìpọ̀ lọ, a lọ ra tòkunbọ̀. Wọ́n á ti fi ohun dúdú kùn ún, á máa dán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn àwọn lẹ́tà DOT ní ẹ̀gbẹ́ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin ni ó kẹ́yìn: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún, tí 2314 fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014. Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó; ilà wẹ́wẹ́ a sán sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, oòrùn, ẹrù àpọ̀jù àti àìtó afẹ́fẹ́ a sì mú un gbóná títí yóò fi bẹ́.

Àwọn baba wa tí ó kọ́ wa ní àyànmọ́ kò fi kọ́ wa ní ìmẹ́lẹ́. Ifá, nínú Ogbè Ògúndá, sọ bí ọmọ Ògún, ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ṣe lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò wádìí èyí tí ó dára. Orí tí ó wù wọ́n lójú ni wọ́n gbé, láìmọ̀ pé kò pé, òjò sì pa á lọ́nà títí ó fi ń ré wẹ́wẹ́. Afùwàpẹ́ ni ó dúró, tí ó bèèrè, tí ó rúbọ, tí ẹni tí ó mọ orí fi bá a yan èyí tí ó pé. Bí yíyan orí, tí í ṣe ìpìlẹ̀ àyànmọ́, bá gba ìwádìí, ta ni yóò sọ pé yíyan táyà kò gbà á? Mósè náà pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé mọ odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá jábọ́ má baà wà lórí ilé náà. Ànábì sì ní kí á so ràkúnmí kí á tó gbára lé Ọlọ́run.

Àìní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, n kò sì dá aláìní lẹ́bi. Ẹni tí ó kun àgbà táyà ní dúdú láti fi ta, àti olówó ọkọ̀ tí ó mọ̀ pé táyà ti sán, síbẹ̀ tí ó ń fi kó èrò, àwọn ni ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Bí wọ́n bá wá ń pe àyànmọ́, ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́ ni. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun kò ti fi omi kan ara.

Ọ̀nà wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Kí ó dá èsúsú, kí ó máa ra táyà ní méjì méjì. Kí ó ka nọ́ńbà kí ó tó dúnàá-dúrà. Kí ó mọ̀ pé táyà tuntun tí orúkọ rẹ̀ kò lókìkí sàn ju ògbólógbòó olórúkọ ńlá lọ. Kí ó sì jẹ́ kí fọ́kanáísà wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó tó gbóná. Ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tí ó bá ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tó ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ìyókù di ọwọ́ Ọlọ́run.